Ìbọn ni àbí ọpọlọ? Ohun tí ọ̀rọ̀ Lewiston tú síta nínú àríyànjiyàn Amẹ́ríkà

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan nílùú Auburn, ní ìpínlẹ̀ Maine, lókè àríwá Amẹ́ríkà. Ó wá gba èlò kan tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ìjọba fún un. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà: ṣé wọ́n ti dá ọ dúró sílé ìwòsàn ọpọlọ rí? Ọkùnrin náà mú "bẹ́ẹ̀ ni". Àwọn tó ń tajà rí i, wọ́n ní àwọn ò lè gbé ọjà náà fún un. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìbọn tó rà lóṣù tó ṣáájú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí òfin kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn bọ́líǹgì kan àti ilé ọtí kan nílùú Lewiston, kò jìnnà sí Auburn rárá. Èèyàn 18 ló pa. Àwọn 13 mìíràn fara gba ọta.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí ní Amẹ́ríkà, ìjà kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sin òkú tán. Àwọn kan á ní ìbọn ló pọ̀ jù nígboro. Àwọn kan á ní orí ẹni tó yìn ín ni kò pé. Àwa ọmọ Yorùbá náà kì í gbẹ́yìn níbẹ̀, pàápàá àwa tá a lẹ́bí lọ́hùn-ún. Lewiston ni mo mú láti fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ohun méjèèjì tí wọ́n ń jà lé lórí ti pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo: ara rẹ̀ kò yá lóòótọ́, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó sún mọ́ ọn sì ti pariwo títí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú alẹ́ ọjọ́ náà?

Ẹni ogójì ọdún ni ọkùnrin náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn ti pinnu pé àwọn ò ní máa pe orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, èmi náà ò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣọ́jà ni, àmọ́ kì í ṣe àwọn tó ń gbé ní bárékè. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílé, tí ìjọba bá fẹ́ ni wọ́n á pè é. Kò lọ sójú ogun rí. Iṣẹ́ tó ṣe jù ni kíkọ́ àwọn ọmọ ológun ní bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù, ọdún bíi mélòó kan ló sì fi dúró ti bọ́ǹbù tó ń bú léraléra.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló ti ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ òun láìdáa, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Lóṣù Karùn-ún, ọmọ rẹ̀ àti ìyá ọmọ náà lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹ̀rù ọkùnrin náà ń bà àwọn, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù Keje, nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní New York, ó ti ẹnì kan nínú wọn, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì lò níbi ìtọ́jú ọpọlọ. Nígbà tó jáde, iléeṣẹ́ ológun pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ìjà wọn mọ́. Tiwọn nìkan ni àṣẹ yẹn mú. Èyí tó wà nílé rẹ̀, kò kàn án.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án. Ní òru, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣe ṣọ́jà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí géètì ọgbà wọn, kí wọ́n sì di ìhámọ́ra dè é. Ó ní òun gbà pé ọkùnrin yìí máa já, tí á sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó kọ gan-an nìyẹn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì kọ ọ́.

Ọlọ́pàá lọ síbẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí èèyàn ń rìn nínú ilé, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó padà. Wọ́n bá mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n bá àwọn kó ìbọn rẹ̀ pamọ́. Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni Lewiston ṣẹlẹ̀.

Nílé ọtí tó yà sí ṣìkejì, àwọn adití wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n ń ta ayò kan tí wọ́n fi ń ju àpò kékeré sínú ihò pákó. Mẹ́rin nínú wọn kú. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìjọba ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀, wọ́n ní láti bẹ àwọn oníkámẹ́rà kí wọ́n má gé ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ kúrò nínú àwòrán, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kò lè fetí gbọ́ ọ.

Ṣé kò sí òfin tó lè gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ó wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká rọra gbé e.

Òfin àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1968 ní ẹni tí adájọ́ tàbí ìgbìmọ̀ tó láṣẹ bá ti sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí tí wọ́n bá ti fi àṣẹ dá dúró sílé ìwòsàn ọpọlọ, kò gbọdọ̀ ra ìbọn, kò sì gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé òfin náà ró ni "àṣẹ". Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá dókítà, òfin yẹn kò mú un. Ẹni tí dókítà bá ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá, òfin kò mú un. Èyí tó bá sì wáyé láìsí ìwé àṣẹ, kì í hàn lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn olùtajà ìbọn máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó tà.

Kódà, tí àṣẹ bá wà, ó lè má débẹ̀. Lọ́dún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan yìnbọn pa èèyàn 32 ní fásitì Virginia Tech. Adájọ́ ti pàṣẹ tẹ́lẹ̀ pé kó lọ gbàtọ́jú ọpọlọ, àmọ́ ìpínlẹ̀ kò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkọsílẹ̀ àpapọ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rà, ó jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe òfin tuntun láti mú kí àwọn ìpínlẹ̀ máa fi orúkọ ránṣẹ́.

Nítorí pé òfin 1968 kò lè mú ẹni tó wà nínú wàhálà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe dá òfin mìíràn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "àsíá pupa". Connecticut ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1999, Indiana tẹ̀ lé e lọ́dún 2005. Florida ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2018 lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 17 nílé ìwé kan ní Parkland. Gómìnà ẹgbẹ́ Republican ló buwọ́ lu ti Florida, kí á má baà rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ni ín. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ọlọ́pàá lè lọ bá adájọ́ pé ẹni báyìí lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, mọ̀lẹ́bí náà lè lọ fúnra wọn. Tí adájọ́ bá gbà, wọ́n á kó ìbọn rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Ìwà ẹni ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè orúkọ àìsàn.

Maine kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ pọ̀ níbẹ̀, ìbọn sì jẹ́ ara ìgbésí ayé wọn láti ìrandíran. Lọ́dún 2019, àwọn aṣòfin àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́dẹ jọ jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ohun tí wọ́n pè ní "àsíá yẹ́lò". Nínú tiwọn, mọ̀lẹ́bí kò lè lọ bá adájọ́ fúnra wọn. Ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ mú onítọ̀hún sí àhámọ́ ààbò, oníṣègùn á yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni adájọ́ á tó fọwọ́ sí i. Bí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kò bá gbéra, ìyókù kò lè rìn.

Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ọ̀hún ni kò gbéra. Ìgbìmọ̀ olómìnira tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀ rí ní Maine, Daniel Wathen, jẹ́ alága rẹ̀, sọ ọ́ lọ́dún 2024 pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó láti mú ọkùnrin náà kí wọ́n sì kó ìbọn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní bí wọ́n ṣe ti iṣẹ́ kíkó ìbọn sọ́rùn mọ̀lẹ́bí jẹ́ pípa ojúṣe tì. Wọ́n bá iléeṣẹ́ ológun náà wí. Wọ́n sì tún gbà pé àsíá yẹ́lò fúnra rẹ̀ ṣòro lò.

Kí ni àwọn tó ní "ọpọlọ ni" dúró lé?

Ọjọ́ tí Lewiston ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n yan Mike Johnson ní olórí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lọ́jọ́ kejì, ó ní ọkàn ọmọ èèyàn ni ìṣòro náà wà, kì í ṣe ìbọn. Donald Trump ti sọ irú rẹ̀ lọ́dún 2019 lẹ́yìn ìpànìyàn El Paso àti Dayton, pé àìsàn ọpọlọ àti ìkórìíra ló ń fa ìbọn yìn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni fún wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà láti ọdún 1791. Lọ́dún 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ológun nìkan. Fún wọn, gbígba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn bá gba ẹ̀tọ́ ìsọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọlúàbí nítorí pé ẹnì kan purọ́. Àwọn tó ní ìbọn tí wọn ò fi pa ẹnikẹ́ni pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà tán lọ.

Èkejì, wọ́n ní Amẹ́ríkà ti tú ilé ìtọ́jú ọpọlọ ká. Òótọ́ nìyẹn. Lọ́dún 1955, àwọn tó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ lé ní 550,000. Ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn burú nígbà náà, wọ́n ń fi ìyà jẹ èèyàn. Òògùn tuntun dé, Ààrẹ Kennedy sì buwọ́ lu òfin lọ́dún 1963 pé kí wọ́n kọ́ ibùdó ìtọ́jú sí àdúgbò dípò wọn. Wọ́n ti àwọn ńlá pa, owó tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ àwọn kéékèèké kò sì pé títí dòní. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn bọ́ sí títì, àwọn mìíràn bọ́ sẹ́wọ̀n.

Ibi tí àwọn alátakò wọn ti máa ń mú wọn ni owó. Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì ní Uvalde, ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì fọwọ́ sí òfin kan tó ya owó sọ́tọ̀ fún ìlera ọpọlọ nílé ìwé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Trump ní òun ò ní san nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là nínú owó náà mọ́. Ìjọba ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ná an kò bá ìlànà òun mu. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn tó ní "ìbọn ni" ńkọ́?

Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi: ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni àìsàn ọpọlọ wà ni? Ó wà ní Jámánì, ó wà ní Japan, ó wà ní Nàìjíríà. Ohun tí wọn kò ní ni ìbọn tó pọ̀ ju èèyàn lọ. Ìṣirò Small Arms Survey, àwọn olùṣèwádìí tó ń ka iye ìbọn kárí ayé, lọ́dún 2018 ni pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ ará ìlú Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 393, nígbà tí àwọn fúnra wọn kò tó mílíọ̀nù 330.

Wọ́n tún ní àwọn ìpànìyàn ńlá wọ̀nyí kéré gan-an nínú iye tí ìbọn ń pa lápapọ̀. Lọ́dún 2023, ìbọn pa èèyàn 46,728 ní Amẹ́ríkà, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n pa. Ní tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ àti ìbọn ti so pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ariwo ti kéré jù. Ẹni tó fẹ́ kú, tó mu òògùn, wọ́n lè sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó fi ìbọn ṣe é, ó ṣòro kó rí ọ̀la tí yóò fi yí ọkàn padà. Nígbà tí Jeffrey Swanson, onímọ̀ ní fásitì Duke, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òfin Connecticut wò, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá kó ìbọn lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá sí ogún, ẹ̀mí ẹnì kan tí ì bá para rẹ̀ ni wọ́n gbà là.

Lewiston yí ẹnì kan lọ́kàn padà níwájú gbogbo ayé. Jared Golden, aṣojú-ṣòfin tó ń gbé nílùú náà, tó ti jẹ́ ṣọ́jà rí, ti máa ń tako òfin tó fẹ́ ka irú ìbọn tí apànìyàn náà lò léèwọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìpànìyàn náà, ó dìde níwájú oníròyìn, ó ní òun ti kùnà, ó sì bẹ àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n dárí ji òun.

Kí ni wọ́n ń pè ní "àìsàn ọpọlọ" nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdí tí ìjà náà kì í fi í tán ni pé ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí dókítà bá ní àìsàn ọpọlọ tó le, ó ń sọ nípa ẹni tó ń rí ohun tí kò sí tàbí tó ń gbọ́ ohùn, irú èyí tí ọkùnrin Maine náà ń gbọ́. Nígbà tí olóṣèlú bá sọ ọ́, ìbínú, ìkórìíra, ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń wọ inú rẹ̀ lọ. Àwa náà ń ṣe é: a rí ìròyìn, a kọ "wèrè ni" sábẹ́ rẹ̀, a rò pé a ti ṣàlàyé. Ẹni tó ní ọmọ tó ń gba òògùn ọpọlọ nílé á ka gbólóhùn yẹn, kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó dun ún.

Àwọn onímọ̀ ní fásitì Columbia kó àkọsílẹ̀ àwọn apànìyàn bẹ́ẹ̀ jọ láti apá ibi púpọ̀ láyé, wọ́n sì rí i lọ́dún 2021 pé nǹkan bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fi ìbọn ṣe é ló ní àìsàn ọpọlọ tó le. Swanson tún ti ṣírò rẹ̀ pé bí gbogbo àìsàn ọpọlọ tó le bá pòórá lọ́la, ìwà ipá ní Amẹ́ríkà á dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí kò sọ pé ọkàn ìyókù balẹ̀. Wàhálà pọ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó yìnbọn. Ohun tó sọ ni pé wàhálà ọkàn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àìsàn.

Ẹ wo Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, lóṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ọmọ ọdún 18 kan wọ ọjà kan lọ, ó pa èèyàn dúdú mẹ́wàá nítorí àwọ̀ wọn. Ó ti wéwèé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún tó ṣáájú, ọlọ́pàá ti mú un lọ fún àyẹ̀wò ọpọlọ torí ohun kan tó kọ nílé ìwé nípa pípa èèyàn. Wọ́n dá a sílẹ̀. New York ní òfin àsíá pupa nígbà náà, kò sẹ́ni tó lò ó, ọmọ náà sì lọ ra ìbọn. Ìkórìíra lorúkọ tí ilé ẹjọ́ pe ohun tó ṣe.

Ti Maine tún ní ẹ̀ka mìíràn. Wọ́n yẹ ọpọlọ ọkùnrin náà wò ní fásitì Boston lẹ́yìn tó ti pa ara rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ti bàjẹ́ níbi tí iṣan inú rẹ̀ ti ń gba iṣẹ́ kiri, irú èyí tí ìró bọ́ǹbù léraléra lè fà. Ann McKee tó darí àyẹ̀wò náà kìlọ̀ pé àwọn ò lè fi ìdánilójú sọ pé ohun tó mú un hùwà bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kí ló ti yí padà láti ìgbà náà?

Lọ́dún 2024, Maine tún àsíá yẹ́lò ṣe kó lè rọrùn fún ọlọ́pàá láti gba àṣẹ mú èèyàn. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ra ìbọn gbọ́dọ̀ dúró wákàtí 72 kó tó gbé e. Gómìnà Janet Mills jẹ́ kí ti wákàtí 72 di òfin láìbuwọ́lù ú, àwọn olùtajà ìbọn sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ọlọ́pàá tí kì í sáábà lo àsíá yẹ́lò tẹ́lẹ̀ wá ń lò ó gidigidi. Nígbà tí wọ́n gbé àsíá pupa síwájú àwọn olùdìbò lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mills tako ó, ó ní èyí tó wà nílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní bó bá jẹ́ pé wọ́n lè lọ bá adájọ́ fúnra wọn lóṣù Karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Àwọn olùdìbò fọwọ́ sí àsíá pupa náà.

Ní ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ìdájọ́ rẹ̀ lọ́dún 2022 ní òfin ìbọn èyíkéyìí gbọ́dọ̀ bá ìṣe àtijọ́ orílẹ̀-èdè náà mu, ọ̀pọ̀ òfin ló sì mì tìtì. Lọ́dún 2024, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án fọwọ́ sí i pé wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rí i pé ó jẹ́ ewu fún ìyàwó tàbí olólùfẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ni àwọn tó fẹ́ àsíá pupa ń dì mú báyìí.

Ṣé ó kan àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún?

Ó kàn wọ́n. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò, òfin àpapọ̀ kò gbà kó ra ìbọn tàbí kó ní in lọ́wọ́, àfi àwọn kan tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Òfin kò sì ní ká má lọ rí dókítà ọpọlọ. Mo sọ èyí nítorí mo ti gbọ́ ọ rí pé ẹni tó bá gba ìtọ́jú, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé dúdú. Bó ṣe rí lókè yẹn ló rí: ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, òfin 1968 kò kà á mọ́ wọn. Nọ́ńbà fóònù 988 tún wà láti oṣù Keje ọdún 2022, tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi ń gbé e, fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú tàbí ẹni tí àyà ń já nítorí ará ilé rẹ̀.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn tó yè àti ẹbí àwọn tó kú ní Lewiston pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ológun mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin náà, wọ́n mọ̀ pé ìbọn wà nílé rẹ̀, wọ́n sì ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ òru ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án yẹn.